Láàbù Tẹ́ẹ̀sì Àtọ̀ Kan Ní Bódìjà: Wọ́n Mọ Kàlẹ́ńdà Ara Ọkùnrin

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń retí ọmọ, àtẹ̀yin ìyàwó tí wọ́n ti di gbogbo ẹrù ọ̀rọ̀ náà lé lórí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa láàbù kan ní Bódìjà n'Ìbàdàn níbi tí mo ti ṣe tẹ́ẹ̀sì àtọ̀. Máàkì tí mo fún wọn, mẹ́rin nínú márùn-ún. Kì í ṣe torí pé ilé wọn mọ́ tàbí pé AC wọn ń tutù o, lóòótọ́ ó ń tutù, àmọ́ nǹkan tó jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí ni pé wọ́n mọ iye ọjọ́ tí àtọ̀ fi ń dàgbà lára ọkùnrin, ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ láàbù á kàn gba ike lọ́wọ́ ẹ ni, wọ́n á tẹ risọ́ọ̀tì jáde, wọ́n á ní "ọ̀gá, káńtì yín wálẹ̀ o", ìyẹn iye sípáàmù, àwọn nǹkan tín-ín-tín inú àtọ̀ tó ń di ọmọ, ó tán, ìwọ á wá gbé bébà yẹn kiri bí ẹni tí wọ́n dájọ́ fún.

Látorí fóònù ni mo ti mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀. Obìnrin tó gbé e bi mí pé ìgbà wo ni mo bá ìyàwó mi sùn kẹ́yìn, kò rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ́ kójú tì mí, ó ní kó má dín ní ọjọ́ méjì, kó má sì ju ọjọ́ méje lọ, bí WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, náà ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn nìyẹn. Tí ọjọ́ bá kéré jù, iye sípáàmù á kéré, tó bá pẹ́ jù, àwọn tó ti kú sínú ẹ̀ á pọ̀ sí i. Ó ní kí n má lo kọ́ńdọ̀mù gba nǹkan yẹn torí nǹkan tí wọ́n fi ń kun kọ́ńdọ̀mù lè pa sípáàmù, kí n má sì fi itọ́ tàbí ọṣẹ tàbí ìpara kankan ṣe é. Ó ní tó bá jẹ́ ilé ni mo ti fẹ́ ṣe é, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn láàrin wákàtí kan, kí n fi ike náà sún mọ́ ara kó má baà tutù jù, kí n má sì gbé e síbi tí oòrùn á ti pa á. Ẹni tó bá mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mọ́kọ́lá mọ̀ pé wákàtí kan kì í pẹ́ lọ, torí náà yàrá tiwọn ni mo lò.

Yàrá yẹn dáa. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́, omi wà, ọṣẹ wà téèyàn á fi fọwọ́ tó bá ṣe tán, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn pé ṣé ẹ ti parí. Nígbà tí mo gbé ike náà jáde wọ́n kọ àkókò sí i lára lójú mi, wọ́n wá bèèrè bóyá díẹ̀ nínú ẹ̀ ta sílẹ̀, àti pé ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ló ta sílẹ̀ ni àbí ìparí. Mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè yẹn rí níbòmíì, ó sì ṣe pàtàkì gan-an torí èyí tó kọ́kọ́ jáde ni sípáàmù máa ń pọ̀ sí jù, tó bá jẹ́ pé òun ló lọ sílẹ̀, káńtì èèyàn á dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lára ẹ̀.

Ẹni tó ń bójú tó láàbù náà, ìyá àgbàlagbà kan ni, Mà ni gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é. Kò rán ẹnì kankan sí mi, òun fúnra ẹ̀ ló pè mí wọlé. "Ẹ jókòó, ọkọ mi." Ó ní kí n kọ́kọ́ wo inú máíkírósíkóòpù fúnra mi ká tó sọ̀rọ̀ bébà, mo sì rí wọn tí wọ́n ń jà gùdù kiri, àwọn míì ń lọ tààrà, àwọn míì ń yí lójú kan, àwọn míì kò mira rárá. Ẹ gbọ́, ohun tó ṣe yẹn dáa púpọ̀. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn mi kí n tó wọlé, ìdajì ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣí bébà. Ìlà tí WHO fà sílẹ̀ nínú ìwé wọn ti 2021 ni wọ́n ń lò: sípáàmù mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, mílíọ̀nù 39 lápapọ̀, 42 nínú 100 kó máa mira, 30 nínú 100 kó máa lọ síwájú, 4 nínú 100 kó ní ìrísí tó péye. Bẹ́ẹ̀ ni, 4 péré! Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló máa ń rí "4%" lórí risọ́ọ̀tì tí wọ́n á máa sunkún. Mà ní ìlà yẹn kì í ṣe ògiri tó pààlà sáàárín ẹni tó lè bímọ àti ẹni tí kò lè bímọ. Àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàrin ọdún kan ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi fà á, 5 nínú 100 wọn ló wà nísàlẹ̀ ìlà náà, tí wọ́n sì di bàbá ọmọ.

Tèmi wà nísàlẹ̀ ìlà. Kí n tó lanu ló ti bi mí: "Ṣé ibà kankan ò dá yín dùbúlẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn?" Mo ní ó dá mi dùbúlẹ̀ o, ibà tó le, ara mi gbóná débi tí ìyàwó mi ń fi tówẹ́ẹ̀lì tútù nù mí lóru. Ó mi orí. Ó ní àtọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ìgbà ibà yẹn ló ń dàgbà lọ́wọ́, ooru ara ló pa lára nínú wọn, kí n má tíì jẹ oògùn kankan, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ní téèyàn bá gbin àgbàdo lónìí kò lè ní òun máa ya á jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò tà mí ní nǹkan kan o! Kò sí "ẹ ra kápúsù yìí lọ́wọ́ wa", kò sí "ẹ wá gba abẹ́rẹ́ lọ́la". Nílùú tí gbogbo ẹni tó wọ kóòtù funfun ti ń ta nǹkan, mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ ọmọlúàbí.

Nǹkan tó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ yẹn, mo ti lọ kà á síwájú sí i torí ó wọ̀ mí lára, ẹ jẹ́ kí n tú u síbí. Inú kóró ẹpọ̀n, àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó ká mọ́ra wọn ló kún ibẹ̀, lára ògiri ọ̀pá yẹn sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà. Lára àwa èèyàn àti àwọn ọ̀bọ, oríṣi méjì ni wọ́n, àwọn kan ṣú téèyàn bá wò wọ́n nínú máíkírósíkóòpù, àwọn kan mọ́ díẹ̀. Àwọn tó ṣú yẹn, ìfipamọ́ ni wọ́n, wọn kì í sábà pín, àwọn tó mọ́ ló ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Tí ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀, á pín, á tún pín, á wá dé ibi tó ti máa gé kúrómósómù, àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé àbùdá èèyàn, láti 46 sí 23, ibẹ̀ nìkan ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, sẹ́ẹ̀lì róbótó kan ló máa kù, kò nírù, kò lè lọ síbì kankan, á wá máa hu ìrù, orí ẹ̀ á máa fún pọ̀, àpò kékeré kan á bo iwájú orí náà, nǹkan tó máa fi wọ inú ẹyin obìnrin ló wà nínú àpò yẹn, ìyẹn náà tún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń bọ́ wọn tó sì ń gbé wọn mọ́ra, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Enrico Sertoli ló ṣàpèjúwe wọn ní 1865, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n dòní.

Báwo la ṣe mọ iye ọjọ́? Àwọn onímọ̀ méjì, Heller àti Clermont, ló ṣe ìwádìí ẹ̀, èsì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1963. Wọ́n fi nǹkan tó ní radioactive díẹ̀, ìyẹn tó ń tú ìtànṣán jáde, sàmì sí àwọn sẹ́ẹ̀lì nínú ẹpọ̀n àwọn ọkùnrin tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n wá ń gé bíńtín lára ibẹ̀ wò látìgbàdégbà, kí wọ́n lè mọ ibi tí àmì náà rìn dé. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọjọ́ 16 ni ìyípo kan, ìyẹn àkókò láti ìgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbì kan nínú ọ̀pá títí dìgbà tí àwọn míì á tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan á sì la ìyípo mẹ́rin kọjá kó tó di sípáàmù. Ìyẹn ọjọ́ 64. Tí wọ́n bá ka àwọn ìpín àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ó ń lọ sí ọjọ́ 74. Kò tíì parí síbẹ̀ o, torí tó bá kúrò níbẹ̀, á tún gba inú páìpù wínníwínní kan tó ká pọ̀ sẹ́yìn ẹpọ̀n, téèyàn bá tú páìpù yẹn sílẹ̀ ó lè tó mítà mẹ́fà, inú ẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ìyẹn lè gba ọjọ́ díẹ̀ sí bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ìdí nìyẹn tí Mà fi ní oṣù mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn ẹranko tó jọ wá. Ọ̀bọ rhesus, èyí tí wọ́n ń lò jù nínú ìwádìí, ìyípo tiẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ 10 lọ, sípáàmù ẹ̀ á ti ṣe tán láàrin nǹkan bí ọjọ́ 42. Ọ̀bọ kékeré tí wọ́n ń pè ní marmoset, ìyípo ọjọ́ 10. Babúùnù, ọjọ́ 11. Chimpanzee, tó sún mọ́ wa jù, ọjọ́ 14. Àwa, 16. Àní nínú gbogbo wọn tí mo kà nípa wọn, àwa la lọ́ra jù! Eku inú ilé, èyí kékeré, kò tó ọjọ́ 9. Ìtóbi ẹpọ̀n náà kò bá ìtóbi ara lọ, gọ̀rílà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹpọ̀n ẹ̀ méjèèjì ò ju nǹkan bí gíráàmù 30, ti èèyàn bí 40, ti chimpanzee ń lọ sí 120, torí abo chimpanzee kan máa ń jẹ́ kí akọ púpọ̀ gùn ún láàrin àsìkò kan, àtọ̀ wọn sì ń bára wọn du ẹyin nínú ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé akọ gọ̀rílà kan ló sábà máa ń ni gbogbo àwọn abo tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ìtóbi ẹpọ̀n bú ara yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ọ̀bọ àti eku? Ó kàn wá nítorí àwọn tó ń ta kápúsù. Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé wọ́n ti dán an wò lára eku, ó ṣiṣẹ́. Eku kékeré yẹn, nǹkan bí ọjọ́ 35 ni gbogbo iṣẹ́ sípáàmù ẹ̀ fi ń parí, tiwa ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, ẹ ò lè gbé kàlẹ́ńdà eku wá bá èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ń lé iṣẹ́ yìí sáré. Ní 1998, àwọn onímọ̀ kan gbé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ eku ńlá sínú ẹpọ̀n eku kékeré, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá á máa bá ìyára onílé lọ, sẹ́ẹ̀lì eku ńlá yẹn kọ̀, ìyára tiẹ̀ ló ń bá lọ nínú ilé onílé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé inú sẹ́ẹ̀lì náà fúnra ẹ̀ ni aago ọ̀hún wà. Oúnjẹ dáadáa, ìsinmi, ìtọ́jú àìsàn, gbogbo ẹ̀ lè jẹ́ kí àwọn tó máa yè pọ̀ sí i kí wọ́n sì dáa sí i, àmọ́ wọn ò lè sọ ọjọ́ 74 di ọjọ́ 7.

Nítorí náà ọjà tó bá sọ fún yín pé "ọjọ́ méje lásán, àtọ̀ á ki, ìyàwó á lóyún", ẹ máa lọ. Mo ti rí wọn lóríṣiríṣi, ti ìgò, ti kápúsù, ti agbo, mi ò ní dárúkọ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ kíki yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ohun tó ń jẹ́ kí àtọ̀ ki tàbí kó ṣàn, omi tó ń wá láti àwọn ẹ̀yà mìíràn nínú ikùn ìsàlẹ̀ ni, sípáàmù fúnra ẹ̀ kì í ju ìwọ̀nba bíńtín nínú gbogbo ohun tó jáde. Ọkùnrin tí wọ́n ti di ọ̀nà sípáàmù ẹ̀ pa fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí, àtọ̀ ẹ̀ ṣì máa ń jáde, ó ṣì máa ń ki, kò kàn sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́ ni. Ẹ ò lè fi ojú mọ káńtì, ẹ ò lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ̀.

Èyí tó tún burú jù ni ti abẹ́rẹ́ testosterone tí àwọn ọmọ jíìmù ń gún. Wọ́n rò pé nítorí pé hòmóònù ọkùnrin ni, ó máa jẹ́ kí àtọ̀ pọ̀. Òdìkejì ni! Tó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ìta, ọpọlọ á rò pé ó ti tó, kò ní ránṣẹ́ sí ẹpọ̀n mọ́, iṣẹ́ á sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. WHO tiẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ testosterone ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe ìwádìí bóyá ó lè jẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin, èsì ẹ̀ jáde ní 1990, ó ju ìdajì àwọn ọkùnrin náà lọ tí káńtì wọn bọ́ sí òdo, ó sì gba oṣù díẹ̀ kó tó débẹ̀, nítorí kàlẹ́ńdà yẹn kan náà. Mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá ń retí ọmọ kó má gún un láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ nípa ọmọ bíbí ló ní kó gún un. Ọ̀rọ̀ ooru náà tún wà ńbẹ̀, ẹpọ̀n fẹ́ kó tutù ju inú ara lọ ní nǹkan bí dígíìrì 2 sí 4, ìdí tí Ọlọ́run fi gbé e sí ìta nìyẹn, kí ẹ má gbé laptop lé itan láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ máa bèèrè nípa tẹ́ẹ̀sì téèyàn lè ṣe nílé. Àbúrò mi tó wà ní Houston rán ọ̀kan sí mi, SpermCheck lórúkọ ẹ̀, látinú iṣẹ́ onímọ̀ kan, John Herr, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní University of Virginia ló ti wá, wọ́n rí purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní SP-10 lórí sípáàmù, òun ni tẹ́ẹ̀sì yẹn ń wá. Èèyàn á da díẹ̀ sí i, tí ìlà bá yọ, ó túmọ̀ sí pé sípáàmù tó mílíọ̀nù 20 nínú mílílítà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn, ó sì dáa fún ọkùnrin tójú ń tì láti wọ láàbù, mi ò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ìyẹn rárá. Àmọ́ iye nìkan ló mọ̀. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ń mira, kò mọ bí wọ́n ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó máa bi yín bóyá ibà ṣe yín. Ẹni tó ní mílíọ̀nù 17 náà, tí WHO ní ó wà lókè ìlà, á rí i pé ìlà ò yọ, inú ẹ̀ á wá bàjẹ́. Mo fún un ní méjì àbọ̀ nínú márùn-ún.

Mo padà lọ sí Bódìjà nígbà tí oṣù mẹ́ta pé. Láàrin àkókò yẹn mi ò jẹ oògùn kankan ju pé mò ń sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, mo sì jáwọ́ nínú sìgá tí mo máa ń mu lálẹ́ Fráídè. Iye ti kọjá ìlà, èyí tó ń lọ síwájú náà pọ̀ sí i. Mà gbé bébà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí n lè rí i, ó wá ní kí ìyàwó mi náà wá, kí wọ́n lè yẹ àwa méjèèjì wò. Ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́yìn ìyẹn, àwa méjì la ni ín. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ọkọ ni pé WHO kéde ní 2023 pé nínú èèyàn 6 tó wà láyé, ọ̀kan máa ń pàdé ìṣòro àìrọ́mọbí nígbà kan, ti ọkùnrin sì wà lára ẹ̀ dáadáa. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn ìyàwó, ẹ ní kí ọmọ yín lọ gbé ike.

Máàkì kan tí mo yọ kúrò. Yàrá tí wọ́n ti ń gba nǹkan yẹn sún mọ́ ibi tí àwọn èèyàn jókòó sí jù, gbogbo ẹni tó wà níta ló máa mọ ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀, ọkùnrin kan tí mo bá níbẹ̀ dìde lọ sílé nítorí ìyẹn nìkan, ó dùn mí. Ìwé tí wọ́n kọ ìlànà sí, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà níbẹ̀, n'Ìbàdàn! Ọ̀pọ̀ bàbá tó nílò ẹ̀ jù ni kò ní lè kà á. Mo sọ fún Mà, ó ní àwọn máa ṣe ti Yorùbá. Owó wọn náà ju ti láàbù àdúgbò lọ, àmọ́ ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá jókòó síwájú ìyá yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn kó kọ sí mi ní inbox, màá fi ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà á, tó bá sì jẹ́ pé ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín sílẹ̀, ẹ sọ fún wọn lórí fóònù kí wọ́n lè bá yín ṣírò ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ wá.